Ta Ni Yóò Ṣe Àjẹ́? Àyẹ̀wò Eré Oníṣe Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Ìkọ́ni Nílé Ẹ̀kọ́ Wa

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ti ìjọ pè mí wá gbàdúrà níbi ayẹyẹ ìparí ọdún wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ṣe eré kan fún wa. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ó gba ẹ̀pà jẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé àjẹ́ lóru, títí pásítọ̀ fi gbàdúrà fún un tí ó sì rí ìtúsílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ni ó ṣe ọ̀rẹ́ tí ó fún un ní ẹ̀pà. Wọ́n fi èédú kun ojú rẹ̀, wọ́n wé gèlè dúdú fún un. Ọmọ náà ṣe é dáadáa. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà dìde, mo gbóríyìn fún àwọn olùkọ́, mo sì gbàdúrà ìparí.

Nígbà tí wọ́n wọlé ní sáà tuntun, ìyá ọmọ náà wá bá mi. Ó ní ọmọ òun kò fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ jókòó tì í. Bí ó bá yọ oúnjẹ nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ á sá. Orúkọ tí ó jẹ́ nínú eré ni wọ́n fi ń pè é. Mo lọ bá olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní eré náà, mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọmọ yìí gan-an ni ó mú fún ipa yẹn. Kò ro ibi kankan tí ó fi dáhùn. Ó ní ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ó ti dàgbà kí ìyá rẹ̀ tó mú un wá sí ìlú, nítorí náà, ipa náà bá a mu.

Ó bá a mu. Gbólóhùn kékeré yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Eré yẹn kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn ni pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà, ni kí a máa fura sí. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ èyí sínú ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n mú lọ sílé.

Nítorí náà, n kò kọ àyẹ̀wò yìí láti bèèrè bóyá eré oníṣe lè kọ́ni. Ó lè kọ́ni, ó tilẹ̀ ń kọ́ni ju ìwàásù lọ nígbà mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ inú ọgbà àjàrà Olúwa yẹ̀ wò ni ohun tí ó ń kọ́ni, àti ẹni tí ó ń ru ẹrù rẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ni ìjọ yóò fi ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé lé lọ́wọ́ kí ọdún méjì tó pé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Eré nínú Ìwé Mímọ́

Àwọn kan máa ń sọ pé eré ni eré ń jẹ́, pé ohun mímọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti ìwé Ìsíkíẹ́lì. Ní orí kẹrin, Ọlọ́run ní kí wòlíì mú bíríkì, kí ó ya àwòrán Jerúsálẹ́mù sí i, kí ó sì dó tì í. Ó ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ fún 390 ọjọ́, kí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ fún 40 ọjọ́. Ní orí kejìlá, ó di ẹrù rẹ̀ bí ẹni tí a ń kó lọ sí ìgbèkùn, ó sì dá ògiri lu lójú gbogbo ènìyàn. Jeremáyà fọ́ ìgò amọ̀ lójú àwọn àgbààgbà, ó sì gbé àjàgà kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Eré oníṣe ni gbogbo èyí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ wọn.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nínú àwọn eré inú Bíbélì, nítorí àwọn méjèèjì gan-an ni ó sọnù nínú tiwa.

Èkínní ni ìbéèrè. Nínú Ẹ́kísódù 12:26, a ṣètò àjọ Ìrékọjá ní ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò fi bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Àwọn ará ilé Ísírẹ́lì bi Ìsíkíẹ́lì léèrè ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, tí ó wọ aṣọ rẹ̀, tí ó sì tún jókòó, ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: ó bi wọ́n bóyá ohun tí òun ṣe yé wọn. Nátánì kò sọ fún Dáfídì pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ó gbé ìtàn ọlọ́rọ̀, tálákà àti ọ̀dọ́ àgùntàn kan kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọba dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ kí ó tó fi ẹni tí ẹjọ́ ń bá wí hàn án. Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń wo eré náà ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Bí a bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ́ nǹkan kan.

Èkejì ni ẹni tí ó ru ẹrù. Ẹ wo Ágábù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 21:11. Ó fẹ́ fi hàn pé a ó de Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù. Àmùrè Pọ́ọ̀lù ni ó mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó dè. Ìsíkíẹ́lì kò ní kí ọmọ aládùúgbò wá dùbúlẹ̀ fún un. Jésù kò ní kí Pétérù ṣe ẹrú kí òun fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Òun gan-an ni ó di aṣọ ìnura mọ́ ìdí. Ipa tí ó ní ìtìjú nínú, olùkọ́ ni ó gbé e wọ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó di òṣèré

Ìtàn eré oníṣe nílẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìjọ àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Hubert Ògúndé ti ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ni ó sì kọ́kọ́ ṣe eré fún ní 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú, inú ilé òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì bí i sí. Mike Bamiloye, tí ó dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Ìpetumodù. Kì í ṣe ohun àkọsẹ̀bá pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti mú ṣọ́ọ̀kì dání rí.

Ìtàn Ládiípọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa jù. Ní 1961, ó gbé kàǹtátà Àjíǹde kalẹ̀ nínú ìjọ kan ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ bínú sí ìlù náà. Kí ọdún tó yí po, ó ti rí orí ìtàgé mìíràn níta ìjọ. Ní 1962, wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí yóò fi di 1963, Ọba Kò So ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. N kò sọ pé gbogbo ìlù ni ó yẹ kí ó wọ inú ìjọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àgbà ìjọ bèèrè irú ìlù tí ó lù, ṣùgbọ́n kò sí ìròyìn pé ẹnìkan bèèrè ohun tí àwọn ará kọ́ nípa àjíǹde ní ọjọ́ náà. Bí a ṣe ń ṣe eré lọ́tùn-ún lósì lónìí, ìbéèrè yẹn náà ni a kì í bèèrè. A máa ń bèèrè bóyá aṣọ tí ọmọbìnrin wọ̀ bo orúnkún.

Níbi tí a ti ṣì í

Ẹni tí ó bá dàgbà nílẹ̀ yìí láàárín 1990 sí 2000 mọ Ìsawúrú, oṣó inú Agbára Ńlá. Mo ti bi kíláàsì mẹ́ta léèrè orúkọ oṣó náà, gbogbo wọn ni ó pariwo rẹ̀. Mo wá bi wọ́n léèrè orúkọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run inú rẹ̀. Ẹni méjì péré ni ó gbìyànjú láti dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní òdì. Àwọn eré Mount Zion ti mú ọ̀pọ̀ ọkàn wá sọ́dọ̀ Olúwa, mo sì mọ àwọn pásítọ̀ tí ó jẹ́ pé iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gba ìpè. Eré ìhìnrere ni wọ́n, gbangba ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tí ó ń wò ó jẹ́ àgbà, ó lè dìde kí ó lọ, ó sì mọ̀ pé òṣèré ni ó ń wò.

Àṣìṣe tiwa ni pé a gbé odindi àwòṣe náà wọ kíláàsì kẹrin. Nínú eré àwọn ọmọ wa, èṣù ni ó ní aṣọ tí ó dára jù, òun ni ó ní ẹ̀rín, òun ni ó ní orin. Àgbèrè àti ọtí gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìrònúpìwàdà gba ìṣẹ́jú kan. Ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ṣubú, pásítọ̀ kígbe, ó dìde, a kọrin. A kò rí i kí ó ronú rí. A kò rí i kí ó padà lọ bá ẹni tí ó rẹ́ jẹ bí Sákéù ti ṣe. Àwọn ọmọ há ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́, àwọn yòókù jókòó bí ará ọjà. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun, a ti ní kí àwọn tí ẹ̀rù ń bà jáde síwájú. Ẹ̀rù lè mú ọmọ jáde síwájú. Kò lè mú kí ó mọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ Ajé nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní kí ó jí bírò olùkọ́.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀

Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Dorothy Heathcote, tí ó gbé ayé láti 1926 sí 2011. Iṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni ó ń ṣe nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ó padà di ẹni tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì Newcastle. Kì í kọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n há a sórí. Òun fúnra rẹ̀ a wọ inú eré náà, a di ẹni tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò sì pinnu ohun tí wọn yóò bá a ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a dá eré dúró, a bi wọ́n ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà wọn a tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, Ágábù ni mo rántí.

Augusto Boal, ọmọ Brazil, tún lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a ṣe eré kúkúrú kan tí ó parí sí burúkú. Wọn a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni nínú òǹwòran lè kígbe pé kí wọ́n dúró, kí ó gorí ìtàgé, kí ó gba ipò ẹni tí a ń ni lára, kí ó sì dán ọ̀nà mìíràn wò. Boal ń wo ayé bí ìjà láàárín aninilára àti ẹni tí a ń ni lára nìkan. Àwa mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ọkàn àwọn méjèèjì, pé ìtúsílẹ̀ sì ní orísun tí kì í ṣe ti ènìyàn. A kò ní láti gba ẹ̀kọ́ ayé rẹ̀ kí a tó lo irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dìde fi ara hàn wá bí òun yóò ṣe kọ̀ láti jí bírò náà, ó ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ìdánwò gan-an tó dé.

Àtakò méjì

Ẹnìkan yóò sọ pé agbára òkùnkùn wà, kí ló dé tí a ó fi fi í pamọ́ fún ọmọdé? Èmi náà gbà pé ó wà. Mo ti dúró níbi tí a ti ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, n kò sì ní sẹ́ ohun tí ojú mi rí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọmọ pé Jésù lágbára ju èṣù lọ, ọ̀tọ̀ ni kí a fi ojú ọmọ aládùúgbò hàn án gẹ́gẹ́ bí ojú èṣù. Nílẹ̀ wa yìí, a ti lu àwọn ọmọ, a ti lé wọn jáde nílé, nítorí pé ẹnìkan pè wọ́n ní àjẹ́. Orúkọ tí a bá sọ ọmọ lórí ìtàgé lè bá a dé ibi tí a kò lérò. Mátíù 18:6 kò yọ pásítọ̀ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé bí a bá jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bèèrè, tí wọ́n sì ń yí òpin eré padà, wọn yóò kọ́ iyèméjì. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ̀ pé ìbéèrè wà nínú rẹ̀ bí a gbà á láyè, bí a kò gbà á. Èyí tí a kò bá gbọ́ nínú kíláàsì, ìta ni wọn yóò ti dá a lóhùn.

Àdánwò kan ní kíláàsì wa

Ní ọdún tí ó kọjá, mo dán ọ̀nà yìí wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ lórí Lúùkù 15. Mo pín ipa: baba, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, àwọn ìránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣe é dé ibi tí ẹ̀gbọ́n dúró lóde, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀. Mo wá bi ẹni tí ó ṣe ẹ̀gbọ́n léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ wọlé.

Mo rò pé ohun tí ó wà nínú Bíbélì ni yóò sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òun ni àkọ́bí nílé àwọn. Ó ní òun fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà kí àbúrò òun lè parí tirẹ̀. Àbúrò náà kó owó ilé lọ sí Kùtọ̀nú, ó ná an tán, ó padà. Baba wọn pa ewúrẹ́. Ó ní ọjọ́ náà, ojú títì ni òun jókòó sí di ilẹ̀ mọ́. Ó ti gbà kí n sọ ọ́ níbí.

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí ó ṣe baba bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un nípa ìdáríjì. Ẹ̀gbọ́n kò mira. Mo dá wọn dúró, mo bèèrè ẹni tí ó lè ṣe baba lọ́nà mìíràn. Obìnrin kan jáde. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi àga rẹ̀ níbi àsè sílẹ̀, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóde. Nígbà náà ni mo wá rí ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ni tí n kò rí nínú ẹsẹ 28: baba náà fi àlejò sílẹ̀ nínú ilé, ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jáde lọ pàdé ọmọ lọ́jọ́ kan náà. Àkàwé náà kò sì sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé. Jésù fi òpin rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn Farisí tí ó ń gbọ́ ọ. Àwa ni a máa ń sáré parí rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí pápá, àwọn nǹkan díẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Bí eré yín bá ní ẹni ìkórìíra nínú, kí olùkọ́ tàbí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe é. Bí ọmọdé bá máa ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ipa náà má bàa lẹ̀ mọ́ ẹnìkan. Ẹ má ṣe mú ọmọ fún ipa kan nítorí pé ó bá a mu. Ẹ dá eré dúró kí ó tó parí, kí ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ó bá parí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ́ aṣọ eré lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì sọ orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kí ìbéèrè ṣáájú ìpè síwájú.

Ní ti ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìyá rẹ̀ mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà kí sáà tó parí, wọ́n sì kó kúrò ní àdúgbò. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá. N kò tíì rí ọmọ náà kí n tọrọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò dìde níwájú àwọn ọmọ kíláàsì yẹn nígbà tí ó yẹ kí n dìde, kí n sọ fún wọn pé èmi tí mo pàtẹ́wọ́ ni mo ṣẹ̀.